Mo Fi Lé Ọ Lọ́wọ́

Àga méje péré ni.
Kò sí àkọlé lẹ́nu ọ̀nà,
àfi aṣọ kan tó so rọ̀ mọ́ àtẹ́rígbà
bí ẹni tó ń tijú àlejò.
Òjò dídì ti ń bọ́ sórí Toyama láti àárọ̀;
mo gbọn bàtà mi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó wọlé.

Èmi Denkichi, káfíńtà,
ni mo rẹ́ pákó tí à ń jẹun lórí rẹ̀ yìí.
Odindi igi kan ni, kò ní oríkèé.
Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé.
Mogami ò lówó lọ́wọ́ nígbà náà,
ó ní, "Máa wá jẹun lẹ́ẹ̀kan lọ́dún títí gbèsè yóò fi tán."
A ò ṣírò rẹ̀ rí.

Níhìn-ín, a kì í béèrè oúnjẹ.
O ò ní sọ pé edé lo fẹ́, pé akàn ni o kì í jẹ.
Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lo máa sọ, wàá sì kó ọwọ́ lé itan:
mo fi lé ọ lọ́wọ́.
Bí aláìsàn ṣe ń sọ fún oníṣẹ́ abẹ.
Bí bàbá mi ṣe sọ fún mi nípa pósí rẹ̀.

Ẹja àkọ́kọ́ dé, ó mọ́ gaara,
o fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka ìwé láti ẹ̀yìn rẹ̀.
Mo fọwọ́ mú un, mo fi sẹ́nu.

Ọtí kíkan ò sí nínú ìrẹsì náà.

Kò sí rárá. Ìrẹsì lásán, lílọ́wọ́ọ́wọ́,
irú èyí tí ìyàwó mi máa ń sè nígbà tí ibà bá dá mi dùbúlẹ̀.
Mo wo ọ̀tún: òṣìṣẹ́ báńkì kan ń rọra jẹnu,
ojú rẹ̀ dúró sójú kan.
Mo wo òsì: tọkọtaya tó ti Nagoya wá;
ìyàwó gbé e mì, ó ní, "Ó mà dùn o,"
ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́.
Àgbàlagbà ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ló dúró níwájú wa,
orí fífá, ọwọ́ mímọ́, ẹ̀rín lẹ́nu.
Ta ni yóò lajú sílẹ̀ sọ fún un
pé ahọ́n rẹ̀ ti ṣíwájú rẹ̀ lọ sílé?

Ìkejì. Ìkẹta.
Nobue ọmọ rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn wá bu tíì.
Ó rí i pé atalẹ̀ ti tán nínú gbogbo àwo,
kíákíá bẹ́ẹ̀.
Ó dúró díẹ̀.
Ó ṣa hóró ìrẹsì kan létí igbá, ó fi kan ahọ́n.
Ojú rẹ̀ ò yí padà.
"Bàbá, èyí ti ń tutù. Ìkòkò kejì ti fẹ́ jinná."

Kò sí ìkòkò kejì.
Èmi ni mo kan pẹpẹ ilé ìdáná yẹn, mo mọ iye ohun tó lè gbà.

A dúró fún bí wákàtí kan.
Mogami pa ìtàn ìgbà tó já sínú òkun pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ akàn,
tí akàn kan bá a délé nínú ṣòkòtò.
Òṣìṣẹ́ báńkì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Láti ẹ̀yìn, òórùn kíkan náà ń yọ́ bọ̀ wá bá wa.

Nígbà tí Nobue gbé igbá tuntun kalẹ̀,
bàbá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò, ó gbóòórùn rẹ̀.
Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, àga méje.
Lẹ́yìn náà ló yí èèkù ọ̀bẹ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀,
ó sì rìn yí pákó ká bọ́ sọ́dọ̀ wa.

Mo dìde fún un.
Ó jókòó, ó fọwọ́ pa igi náà lọ, pa á bọ̀.
"Denkichi, ó ti jin kòtò níbí."
"Ìgbọ̀nwọ́ àwọn àlejò rẹ ni.
O ò lè rí i láti ọ̀hún."

Nobue ń dúró.
Ìrẹsì ń tutù lọ́wọ́ rẹ̀.
Bàbá rẹ̀ wú ikọ́, ó kó ọwọ́ lé itan,
ó sì sọ ọ́.