Èédú Tó Tó Èékánná

Ọjọ́ kẹta tí fáànù ti dákẹ́ nìyí.
Evert, bàbá àgbà mi, kò kọ́kọ́ gbà pé ó kú.
Ó ní ó ń sinmi ni.
Ẹni tó ti ń fẹ́ ooru láti ọdún méjìdínlógójì,
bó bá sinmi, ṣé ó jẹ̀bi?
Ṣùgbọ́n yìnyín ti hu irun funfun sára gíláàsì,
nínú ọkọ̀ o, kì í ṣe lóde.
Èémí ẹnu wa ló ń dì lójú wa,
a sì ń fi káàdì báǹkì ha ihò kan
tí kò ju ojú ife kọfí lọ
kó lè rí ọ̀nà ilé ìtajà.

Ní Arjeplog ni, lóṣù kejì,
tí adágún ti le ju títì ọlọ́dà lọ.
Lórí rẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń dán ọkọ̀ tuntun wò,
ọkọ̀ tí wọ́n fi nǹkan bò lójú bí ìyàwó tí a ò tíì fi hàn,
ìjókòó wọn ń gbóná nídìí awakọ̀.
Tiwa wà nínú ahéré ẹ̀yìnkùlé,
Volvo aláwọ̀ ẹ̀wà,
ilẹ̀kùn ọ̀tún rẹ̀ kì í ṣí láti inú.

Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú.
"Má tàn án sí mi lójú, Tova.
Ibi tí mò ń wò ni kó o tàn án sí."
Báwo ni n ó ṣe mọ ibi tó ń wò,
nígbà tí orí rẹ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù,
tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta bí ẹsẹ̀ ẹni tí ọkọ̀ gbé mì?

Ó yọ fíúùsì, ó gbé e síná. Kò jó.
Ó fi gílóòbù kékeré kan wáyà tó wọ fáànù lọ.
Ó tàn.
"Iná ń dé ẹnu ọ̀nà," ó wí, "ará ilé ni kò dáhùn."
Ó ní kí n yí ṣíwíìṣì sí ení, sí èjì, sí ẹ̀ta.
Ní ení, gílóòbù ń tòògbé; ní ẹ̀ta, ó là yòò.
Wáyà ilẹ̀ ńkọ́? Ó ha ìpẹtà rẹ̀, ó dè é padà.
Kẹ́kẹ́ pa.

Ó wá fi ìdí ṣukúdiráfà
kan ilé fáànù náà lẹ́ẹ̀kan, kóó,
bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ajẹgbèsè.
Ó yí!
Ó han bí ológbò tí a tẹ̀ nírù,
ó fẹ́ eruku àti ewé gbígbẹ sí wa lójú,
ìwọ̀n ìmí mẹ́rin,
ó tún kú.
Evert rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó ti mọ olè.
"Kábọ́ọ̀nù ni. Ó ti jẹ tán."

Ọjọ́ méjì la fi tú dáṣíbọ́ọ̀dù,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń pa àmúkùrù níbi tí a kì í dárúkọ.
Ó ní fáànù ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí kọ́kọ́ gbé kalẹ̀
kí wọ́n tó mọ ìyókù yí i ká.
Skúrù mọ́kànlélógójì, nínú páálí ẹyin.
Níkẹyìn, èédú méjì:
ọ̀kan ṣì gùn,
èkejì kò ju èékánná ìka mi tó kéré jù lọ.

Láti Luleå, ọjọ́ mẹ́wàá kí tuntun tó dé.
Evert wo èédú. Ó wo ilé.
Ìyá àgbà wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ títí di Sátidé.
Ẹ̀rọ agbálẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Mi ò sọ nǹkan kan.
Ó fi iyanrìn-ìwé ha tibẹ̀ títí ó fi wọ tibí.

Ní Sátidé, Ingegerd bọ́ ìbọ̀wọ́,
ó na ọwọ́ méjèèjì síbi atẹ́gùn.
"Ó gbóná," ó wí.
Láti ìgbà tí mo ti dáyé, kò yin ọkọ̀ yẹn rí.
Ọ̀nà nìkan ni Evert ń wò.

Lálẹ́, ó ki wáyà ẹ̀rọ agbálẹ̀ bọ ògiri, ó tẹ̀ ẹ́.
Ó tún un tẹ̀.
Ó fi gìgísẹ̀ kàn án lẹ́ẹ̀kan, kóó.
Ó wá yíjú sí wa.
Èmi kọ́ o.
Tọ́ọ̀ṣì lásán ni mo dì mú.