Ogún Lẹ́tà

Ọdún mọ́kànlélógún ni bàbá mi fi kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà
láti ilé ìfìwéránṣẹ́ Dùgbẹ̀ dé Òjé, dé Yemetu, dé ẹ̀yìn Màpó,
nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ò ní nọ́ńbà.
Ohun tí wọ́n á kọ sára àpò-ìwé ni:
ilé aláràn-án, ojúlé kejì sí kànga, ẹ béèrè Ìyá Rábì.
Á béèrè. Wọ́n á tọ́ka. Á kan ilẹ̀kùn.
Kò tú lẹ́tà onílẹ́tà wò rí.

Èmi náà ń wá ilé báyìí.

Yàrá tí mo ti ń wá a ní Orítamẹ́fà ò ní fèrèsé.
Amúlétutù ń kùn. Maikirosíkóòpù dojú bo abọ́
tí kò fẹ̀ ju ìdérí ìgò lọ.
Nínú abọ́ ni sẹ́ẹ̀lì wà: ààyè ni wọ́n,
wọ́n ń mu omi aláwọ̀ osùn,
wọ́n ń pín sí méjì nígbà tó bá wù wọ́n,
wọn ò mọ̀ pé ẹnì kankan ń yọjú.

Okùn tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bí a bá nà án tán,
á ga jù mí lọ, èmi tí wọ́n ń pè ní Àgéré nílé ìwé.
Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀.
Ojú kan lára okùn kọkànlá ni mò ń wá.

Àwọn kòkòrò tí ojú ò rí ló ni ọ̀bẹ náà tẹ́lẹ̀;
òun ni wọ́n fi ń gé ọ̀tá tó bá wọlé wá bá wọn.
A gbà á. A pa ẹnu rẹ̀ kú, kò lè gé ẹ̀fọ́ mọ́.
A so àtùpà aláwọ̀ ewé mọ́ ọn nídìí,
a fi ogún lẹ́tà lé e lọ́wọ́ bí àdírẹ́ẹ̀sì:
Máa lọ. Má gé nǹkan kan. Bí o bá débẹ̀, jókòó.

Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi rí kìkì ìkùukùu,
ìmọ́lẹ̀ bo gbogbo sẹ́ẹ̀lì bí ọyẹ́ ṣe ń bo Òkè Àrẹ̀mọ.
Àtùpà kan ò ṣeé dá mọ̀ láàárín èrò.
Dókítà Ọ̀ṣúndínà wò ó, ó nu awò ojú rẹ̀:
"Rán ọgbọ̀n. Kí wọ́n tò sójúlé tó tẹ̀ léra."

Aago méjì òru ọjọ́ kẹrin.

Méjì.

Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ méjì, wọn ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ,
ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ ìyá.
Mo ti rò pé ogún ẹni a máa jókòó pa sójú kan.
Irọ́ ni. Wọ́n ń rìn. Wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń yà, wọ́n ń súnmọ́ra,
bí ọmọ tó ń yí lórí ẹní, tí oorun ò gbé lọ tán.

Ìbíyẹmí yí lórí ẹní báyẹn.
Eegun ló ń ro ó. Bàbá á gbé e sórí ọ̀pá kẹ̀kẹ́ lóru,
á gba Òkè-Àdó lọ sọ́dọ̀ dókítà,
ọmọ á wà níbi tí àpò lẹ́tà máa ń wà lọ́sàn-án.
Ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Lẹ́tà ẹyọ kan ló ṣì,
ó ṣì nínú ilé méjèèjì yìí gan-an.

Àtùpà mi ò sì lè sọ bóyá ó ṣì níbí.
Ilé ló ń fi hàn, kì í ka ohun tí wọ́n kọ sínú ilé.
Ẹni tó ni sẹ́ẹ̀lì yìí, nọ́ńbà ni mo mọ̀ ọ́n sí.
Iná tí mo sì fi ń wò wọ́n náà ló ń jẹ wọ́n:
bí mo ṣe ń wò ni wọ́n ń ṣá,
ọ̀kan kọ́kọ́ lọ, èkejì tẹ̀ lé e.

Mo pe Bàbá láàárọ̀.
"O rí ilé náà?"
"Mo rí i, Bàbá."
"Ta ló ṣílẹ̀kùn?"
"A ò tíì kan ilẹ̀kùn."
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ rédíò rẹ̀, mo gbọ́ adìẹ.
Ó ní, "Kọ bí ènìyàn ṣe ń débẹ̀ sílẹ̀ dáadáa.
Ẹnì kan lè ní lẹ́tà fún wọn lọ́jọ́ kan."