Ẹgbàárùn-ún Dáyámọ́ǹdì

Ní Ògìdì nígbà náà, orí àpáta ni nẹ́tíwọ̀kì ń gbé.
Bí o bá dúró sílé, igi kan ṣoṣo ni fóònù yóò fi hàn ọ́;
bí o bá gòkè dé ibi tí ewúrẹ́ Bàbá Mẹ́dùpin ń sùn,
igi mẹ́rin.
Ibẹ̀ ni mo jókòó sí, fóònù Yèyé lọ́wọ́ mi,
òkúta gbóná lábẹ́ mi bí agbada tí a fi ń yan kaju.

Géèmù ogun ni mò ń ṣe.
Gbogbo ẹgbẹ́ mi ti wọ ẹ̀wù wúrà,
èmi nìkan ni mò ń sá kiri
nínú ṣòkòtò tí géèmù bí mọ́ mi.
Bọ́lárìnwá ọmọ ilé Obajẹ́mú a máa pè mí ní aláàárù.

Ojú ìwé náà yọ sí mi bí àlejò tó mọ ilé wa:
ẹgbàárùn-ún dáyámọ́ǹdì, ọ̀fẹ́, fún ìwọ nìkan.
Aago pupa kan ń kà sẹ́yìn lókè rẹ̀,
ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́ta,
bí ọkọ̀ tó fẹ́ fi mí sílẹ̀ ní gáréèjì.
Mo kọ orúkọ mi. Mo kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé mi.
Ó ní kí n fi hàn pé ènìyàn ni mí.
Mo tẹ àwòrán kẹ̀kẹ́, mo tẹ afárá.
Ó ní kí n fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá,
mo fi ránṣẹ́ sí mọ́kànlá.
Dáyámọ́ǹdì ń pọ̀ sí i lójú mi, kò dọ́wọ́ mi.
Ó kù díẹ̀, ó ń wí. Ó kù díẹ̀.

Káàdì báǹkì Yèyé wà nínú àpò awọ ẹ̀yìn fóònù.
Mo kọ nọ́ńbà iwájú, mo kọ mẹ́ta ẹ̀yìn.
Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé, nọ́ńbà mẹ́fà,
*má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.*
Mo kà á. Mo gbọ́ ọ yé.
Mo sì dà á kọ.

Fóònù dún lẹ́ẹ̀kan.
Owó kaju ọdún kan, odindi.

Yèyé kò nà mí. Ìbá sàn kó nà mí.
Ó ń ṣa èpò kúrò lára ẹ̀fọ́, ó ní:
"Ta ni bàbá rẹ̀?"
N kò mọ̀.
"Ẹni tó fẹ́ fún mi níṣu,
kí ló fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ abà mi ṣe?"
N kò mọ̀.
Ó dákẹ́ pẹ́.
"Ó ní kí o fi hàn pé ènìyàn ni ọ́?
Òun ńkọ́?"

Ilé mọ́kànlá ni mo lọ.
Òkun o, Bàbá. Òkun o, Ìyá.
Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín, ẹ má jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́.
Ní ilé kẹsàn-án, Bọ́lárìnwá ti tẹ̀ ẹ́.
Ẹ̀wù wúrà rẹ̀ ti lọ. Kò pè mí ní nǹkan kan mọ́.

Kábà ni mo wà báyìí, mò ń tún fóònù ṣe.
Láàárọ̀ yìí, ọmọdé kan gbé fóònù ìyá rẹ̀ wá,
ó ń mí hẹlẹ: "Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́, Bùrọ̀dá, ó kù ìṣẹ́jú méjì!"
Mo mọ aago pupa yẹn.
Mo fa àga fún un. Mo ní ká máa wò ó, ká má fọwọ́ kàn án.
Ó ń gbọ̀n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tólẹ̀.
Aago kà títí ó fi dé òdo.
Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.
Ọkọ̀ kankan kò lọ.
Lẹ́yìn náà ni aago fúnra rẹ̀ padà
sí ìṣẹ́jú márùn-ún,
ó tún bẹ̀rẹ̀.
Ọmọ náà wò mí,
ó tún wò ó,
ó bú sẹ́rìn-ín.