Fọ́-ò-fọ́

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà ni mo kà lé Ìyá Olúfadé lọ́wọ́
ní ẹ̀yìnkùlé wọn l'Ókè-Àdó,
níbi tí ìbẹ́pẹ ti hù gba àárín bọ́ńpà kọjá.
Adìẹ kan sàba lé ẹyin lórí ìjókòó ẹ̀yìn.
Ìyá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó pa wọ́n ná."
Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo fi dúró de adìẹ.

Pijó Fọ́-ò-fọ́ ni wọ́n ń pè é.
Àgbà ní orúkọ ń ro ọmọ:
ó fọ́ níwájú, ó fọ́ lẹ́yìn,
ó ti dógùn-ún nísàlẹ̀ débi pé
mo jókòó ti sítíárì, ẹsẹ̀ mi kan koríko.
Ẹni tó wọ́ ọ dé Àràròmí gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.
Mo ra ìwé kékeré kan, mo kọ ọ́ sí i.

Ọ̀gá Kàrímù ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rín yẹn nìkan á tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta.
Ó ní ẹ́ńjìnnì ò kú, ó kàn sùn ni.
Jíjí tí wọ́n jí i: ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó ó lé àádọ́ta,
píṣítìnnì mẹ́rin, gásíkẹ́ẹ̀tì,
kábúrétọ̀ kan tó ti Kútọnu wá,
tó dé, tí kò wọ̀ ọ́,
tó tún fi owó mi wọkọ̀ padà sí Kútọnu.

Ṣítù ń lu panẹ́ẹ̀lì.
Òòlù kan, ẹgbẹ̀rún kan.
Òòlù kan, ẹgbẹ̀rún kan.
Gánì rewáyà ní eku ti jẹ gbogbo wáyà;
mo ní kí ló dé tí eku ò jẹ ìwé owó tó o kọ fún mi yìí?
Dígí iwájú, mo wá a títí dé Ìsẹ́yìn,
mo bá a lẹ́yìn ilé ìmàle kan, wọ́n ń sá ata lé e lórí.
Wọ́n gbowó dígí. Wọ́n gbowó ata.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi lu òǹtẹ̀
sórí lẹ́tà àwọn ẹlòmíràn ní Dúgbẹ̀.
Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ rèé, ó ń wọnú irin lọ.
Wọ́n ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta
kì í wo ẹnu àáké.
Èmi wò ó.
Ẹnu àáké ti kán, mo tún ti ra òmíràn.
Mọ́rẹ́nikẹ́ ò bá mi jà.
Ó kàn gbé garawa sábẹ́ ibi tí òrùlé yàrá wa ti ń jò,
ó ní, "Fọ́-ò-fọ́ kejì rèé o."

Ọdún kẹta, lẹ́yìn òjò Sátidé kan,
mo wa á gba Mọ́kọ́lá, mo gba Dúgbẹ̀,
àwọn ọlọ́kadà ń sáré tì mí, wọ́n ń kan sáárá.
Ìyá wọlé, ó jókòó sẹ́yìn, lápá òsì,
ibi tí adìẹ ti sàba gan-an.
A dé Mọ́lété. A dé Ṣálẹ́ńjì.
Kò sọ̀rọ̀. Ó tẹ́tí
bí ẹni ń dúró de àlejò.
Nígbà tó yá, ó ní, "Ariwo rẹ̀ ńkọ́?"
"Ariwo wo, mà?"
"Èyí tó máa ń han láti ìkòríta.
Tí mo bá ti gbọ́ ọ ni mo máa ń gbé omi ẹ̀bà kaná."

Sáìlẹ́ńsà: ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínláàádọ́rin.
Mo ti sanwó, wọ́n ti já bàbá náà sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ìyá so àkùkọ kan lẹ́sẹ̀,
ó ní ọ̀kan nínú àwọn tọjọ́sí ni.
Kí n tó dé Òkè-Bọlá, ó ti yàgbẹ́ sórí awọ tuntun.
Mo délé, mo ṣí ìwé.
Owó tó jáde kún ojú ewé mọ́kànlá.
Mi ò ròó pọ̀.
Lábẹ́ owó tó wọlé, mo kọ ọ́ gàdàgbà:
àkùkọ kan.