Tépù Aláwọ̀ Mẹ́ta

Lọ́yà ni bàbá mi ń pè mí
kí n tó mọ ìwé kà dáadáa.
Làsísì, tó fi tépù wọn ọ̀pá irin
fún ọdún mọ́kànlá nílé-iṣẹ́ irin Òṣogbo,
kí ẹ̀rọ tó dákẹ́, kí ìpẹtà tó gba ẹnu géètì.
Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wà nínú fáìlì kan,
fáìlì náà wà nínú fáìlì mìíràn.
Ó ní, "Mùtíátù, ìwọ ni yóò gbé wọn lọ sílé ẹjọ́."
Mo ṣe ìdánwò àṣewọlé lẹ́ẹ̀kan, mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì,
mo tún gba fọ́ọ̀mù.

Ojúlé kejì sí wa l'Ókè-Baálẹ̀,
Ìyá Àlàbá lóyún tuntun, ó já Àlàbá lẹ́nu ọmú.
Ẹ̀kọ tútù láàárọ̀, ẹ̀kọ tútù lálẹ́.
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ kún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ki,
a ń kí ìyá rẹ̀: "Ọmọ yìí mà ń sanra o!"
Èmi náà kí i. Ẹnu mi yìí ni mo fi kí i.
Irun rẹ̀ pọ́n bí irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo,
a ní irun òyìnbó ni.
Kò rẹ́rìn-ín mọ́,
a ní ó ń ronú bí àgbà.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo bá wọn pọ̀n ọ́n lọ sí Asúbíaró.
Fọ́ọ̀mù mi wà nínú báàgì,
mo fẹ́ dé káfè l'Ọ́láìyá kí wọ́n tó lọ kírun.
Obìnrin kan jókòó sẹ́yìn tábìlì tó ń mì,
Ìyáàfin Olújìmí. Kò ga, ohùn rẹ̀ kò ga.
Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ Àlàbá,
ó gbé ọwọ́ kúrò,
ihò náà kò dí,
ó dúró síbẹ̀ bí ojú ìka lára ẹ̀kọ.
Ó fa tépù tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ, aláwọ̀ mẹ́ta,
ó fi yí apá ọmọ náà ká.
Pupa.
Kò bú mi. Ó ní, "Kò sanra. Omi ni.
Ẹ̀ ń fún un jẹ yó, ara rẹ̀ ò rí jẹ."

Wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.
Àlàbá yó lójoojúmọ́,
ìṣẹ́ jókòó sínú ẹran ara rẹ̀, ó ń jẹun.

N kò dé Ọláìyá.
Síbí kékeré, mílíìkì, wákàtí méjì-méjì,
èmi ni mo di síbí mú.
Nígbà tó yá, ẹ̀wà sóyà, ẹ̀pà yíyan, edé lílọ̀ nínú ògì.
Lọ́jọ́ kọkàndínlógún ó gba síbí lọ́wọ́ mi,
ó jù ú mọ́lẹ̀, ó figbe ta.
Ìyáàfin Olújìmí ní, "Ọmọ tó ń bínú ti ń bọ̀ wálé."

Mo sọ fún Làsísì: "Ẹ̀kọ́ oúnjẹ ni mo fẹ́ kọ́."
Ó ní, "Ẹ̀kọ kẹ̀?
Ṣé tìtorí ẹ̀kọ ni mo ṣe ta ilẹ̀ Ìlobùú?"
Oṣù kan gbáko, kò pè mí ní Lọ́yà.
Kò pè mí ní nǹkan kan.

Tépù tèmi ti ń ṣá létí báyìí.
Lánàá ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó na án sí ìmọ́lẹ̀.
"Mìlímítà ni?"
"Mìlímítà ni."
"Irin tó bá fi méjì péré dín, iná la ń dá a padà sí."
Mo ní, "Tiwa, a kì í dá a padà síná."
Ó dákẹ́.
Ó ti agolo iyọ̀ síwájú díẹ̀,
ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì lè tó o.
"Lọ́yà, bí mo bá bu ìwọ̀n èékánná,
ṣé o máa gbè mí lẹ́jọ́?"

Fáìlì rẹ̀ ṣì wà lókè àjà.
Mo máa ń gbọn eruku rẹ̀ dànù.