Olùtọ́jú Láàbù

Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń ka bọ́ọ̀lù irin sínú àpótí
ní ilé-ìwé orí òkè yìí, ní Blaenau,
níbi tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè,
tí òkúta pẹlẹbẹ tí àwọn baba wa kọ̀ sílẹ̀ ga ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ.
Bọ́ọ̀lù mẹ́rìnlélógún.
Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo bá mẹ́tàlélógún.

Èmi kì í ṣe tíṣà. Èmi ni mo ń so wáyà,
tí mo ń nu gíláàsì, tí mo ń sin bátìrì tó bá kú.
Mo ka físíìsì rí, mo fìdí rẹmi;
mi ò tìtorí ìyẹn bá a ṣọ̀tá.

Heledd ló mú un. Ó gbé e dé ẹnu kòtò ìwakùsà àtijọ́,
ó ṣíwọ́, ó ń ka ìṣẹ́jú àáyá
títí ìsàlẹ̀ fi dáhùn: kọ̀!
Ó wọlé tọ̀ mí wá, omi ń kán nírun rẹ̀.
“Dilwyn, mítà mọ́kànléláàádọ́rin ni mo bá.
Bàbá àgbà ní kò ju mẹ́rìnlélọ́gọ́ta lọ.
Ta ló ń parọ́ nínú àwa méjèèjì?”

Mo ní, irin sọ̀kalẹ̀, ohùn gòkè:
ẹni méjì ló rìnrìn àjò,
ìwọ sanwó ọkọ̀ ẹnì kan.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tún un ṣe.
Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.
Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n dá owó rẹ̀ padà fún.

Meinir, ìyá rẹ̀, ẹran ló ń gé tà nísàlẹ̀ ìlú.
Lálẹ́ ìpàdé òbí, ó dì mí lápá mú:
“Ọdún méjì gbáko! Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń fi í ṣe?”
Mo rántí Gethin, tó ń gun òpó afẹ́fẹ́ láàárín òkun;
mo rántí Non ní Liverpool, lẹ́yìn ògiri òjé,
tó ń wọn ìtànṣán fún àwọn alárùn jẹjẹrẹ.
Mo rántí Macsen pẹ̀lú. Ọkọ̀ mílíìkì ló ń wà.
Ó ní òun kì í yà kọ́nà lórí yìnyín
kí òun má ṣírò.
Ẹnu mi wúwo. Kọ́bọ́ọ̀dù ni mo ṣí hàn án.

Nínú oṣù Èbìbí, wọ́n gbé Idwal àgbà lọ ya àwòrán àyà ní Bangor.
Eruku òkúta ogójì ọdún
funfun nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, bí yìnyín tó kọ̀ tí kò yọ́.
Heledd ò sunkún níbẹ̀.
Ó bi obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ
bí ìmọ́lẹ̀ tí a kò rí ṣe mọ
ibi tí yóò ti dúró, ibi tí yóò gbà kọjá.
Obìnrin náà wò ó, ó fa àga kan sún mọ́ ọn.

Mi ò ra bọ́ọ̀lù mìíràn.
Mẹ́rìnlélógún ni mo ṣì ń kọ sínú ìwé,
mo sì fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́:
ọ̀kan ń bẹ nísàlẹ̀, mítà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.