Íńṣì Méjìdínlógún

Íńṣì méjìdínlógún ni òfin wí,
láti ìdí igi níbi tí ọwọ́ ń dì mú:
oje páìnì kò gbọdọ̀ gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Kò sẹ́ni tó ka ojú ìwé yẹn rí ní Vlasta, ní Nẹbráskà,
àfi bàbá mi, Bohumil Kratina,
tó ń wọn àgbàdo láàárín ọ̀sẹ̀ ní àká àwọn àgbẹ̀,
tó sì ń ṣe adájọ́ bésíbọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àìkú.
Bí ẹyọ àgbàdo kan bá já bọ́ láti orí ìwọ̀n,
á bẹ̀rẹ̀, á ṣà á, á dá a padà.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí.
Èmi ni mò ń kó igi fún àwọn tiwa.
Àtẹ́lẹwọ́ Harlan Ostby ti bó,
kò sì fẹ́ wọ ìbọ̀wọ́, ó ní irọ́ ni ìbọ̀wọ́ ń pa fún òun.
“Zdenka, fi oje kùn ún dáadáa.”
Mo kùn ún. Ta ló kọ́ mi ní ìwọ̀n?
Mo fẹ́ràn òórùn rẹ̀, bí igbó tó ń jó lọ́nà jíjìn.
Mo kùn ún títí ó fi gun ọrùn igi,
àtàǹpàkò mi ṣì wà lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n pe Ostby.

Ìpele kẹsàn-án. Àyò kan ni wọ́n fi jù wá.
Ẹni méjì wa ti jáde, ó ku ẹyọ kan.
Ìró yẹn! Bí ìgbà tí ilẹ̀kùn àká gbá dé lójijì.
Bọ́ọ̀lù fò kọjá ọgbà, ó fò kọjá ọkọ̀ ajílẹ̀ àwọn Smekal,
ó wọ oko sóyà lọ, a ò rí i dòní.
Àyò dọ́gba. Ostby sáré yípo, ó tẹ ilé mọ́lẹ̀,
rọ́bà funfun yẹn tí wọ́n sọ ní ilé.

Ni kóòṣì Dufresne bá jáde wá láti ìhà kejì,
ó ń rìn bí ẹni tó mọ ohun tó wà lápò ẹlòmíràn.
Ọ̀rọ̀ méjì péré ló sọ sí bàbá mi létí.
Bàbá mi gba igi. Kò ní ohun ìwọ̀n lọ́wọ́.
Ó tẹ́ igi náà sórí ilé,
nítorí íńṣì mẹ́tàdínlógún ni ìbú ilé,
kò lé, kò dín.
Ó fi ilé wọn igi.
Oje kọjá ilé, ó tún fi ìka mẹ́rin lé e.
Ó gbójú sókè, ó wo ìdí àga wa,
ó wo ọwọ́ tí mo fi pamọ́ sẹ́yìn.
Lẹ́yìn náà ó na apá ọ̀tún, ó di ìkúùkù:
Ostby ti jáde. Eré parí. A ti pàdánù.

Òfin, ọ̀fìn: ohùn nìkan ló yà wọ́n.
Ostby tú jáde bí màlúù tí agbọ́n ta,
ènìyàn mẹ́ta ló dì í mú.
Itọ́ rẹ̀ ta sí bàbá mi lójú. Kò nù ún.

Lálẹ́, ìyá mi gbé ọbẹ̀ ọ̀dùnkún kalẹ̀.
Ṣíbí lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.
Bàbá dìde, ó bu ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ nínú agolo,
ó fi ń ra ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan
títí oje fi gbà láti lọ.
Kò bi mí ní nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé láti Lincoln.
Àwọn àgbà ìdíje ní kí bọ́ọ̀lù má baà dọ̀tí ni wọ́n ṣe ṣòfin oje,
bọ́ọ̀lù wọ́n nígbà yẹn;
wọn ò ṣe é láti fi gba àyò lọ́wọ́ ẹni.
Ẹ padà lọ parí eré yín.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, níwájú ènìyàn mẹ́rìndínlógún àti ajá kan.
A borí. Mo ti gbàgbé bí a ṣe borí.
Bàbá mi náà ló tún ṣe adájọ́.
Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó yọ búrọ́ọ̀ṣì kékeré lápò,
ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbá eruku kúrò lórí ilé,
ó gbá a, ó tún gbá a,
ilé mọ́ tán, ó ṣì ń gbá a.